Ẹ̀rọ Tó Ń Ṣiṣẹ́ Ìdajì Kì Í Jẹ Iná Ìdajì: Bí A Ṣe Ń Dín Iṣẹ́ Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ Amóníà Kù

Bí òjò bá ti fi gbogbo ara rọ̀ ní Òṣogbo, ọjà yìnyín a dákẹ́. Àwọn ọmọ tó ń kiri omi tútù ní Ọláìyá a dín kù, ìyá ẹlẹ́ja tó máa ń ra búlọ́ọ̀kù mẹ́ta ní Ọjà Ọba a ra ẹyọ kan, a ní òun á padà wá. Bí ọyẹ́ bá dé, bákan náà ni.

Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni Àlàájà tó ni ilé iṣẹ́ yìnyín tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wá bá mi ní yàrá ẹ̀rọ, ìwé owó iná wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹnjiníà, ẹ ní ẹ ti dín ẹ̀rọ méjèèjì kù sí ìdajì. Yìnyín tí à ń tà ti di ìdajì. Kí ló dé tí owó iná ò di ìdajì?" Mo wo géèjì, mo wo ilẹ̀. Òótọ́ ni mo dín wọn kù. Mi ò sì purọ́ fún un.

Ìyá alákàrà mọ ìdáhùn ìbéèrè yẹn kí èmi tó mọ̀ ọ́n. Bí oníbàárà bá dín kù, kì í gbé agbada méjì kaná kó máa dín àkàrà márùn-ún márùn-ún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òróró agbada méjèèjì ni yóò gbóná, yálà àkàrà wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí. Ṣe ni yóò yọ igi ìdí ìkejì, tí yóò sì kún agbada kan. Bí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì amóníà pọ̀ kí òtútù lè wà, ṣe rí nìyẹn, ohun tí mo sì fẹ́ kọ síbí ni bí a ṣe ń ṣe é láì ba ẹ̀rọ jẹ́, láì jẹ́ kí yìnyín rọ̀, láì sì jẹ́ kí amóníà lé àdúgbò jáde nílé. Ẹni tó ti ń wọ yàrá ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Bí ẹ ò bá tíì mọ fáàfù ìfà (ibi tí gáàsì ń gbà wọ ẹ̀rọ) yàtọ̀ sí fáàfù ìtì (ibi tó ń gbà jáde), ẹ wá ọ̀gá tí yóò dúró tì yín ná.

Ẹ KỌ́KỌ́ KA ẸRÙ TÓ WÀ NÍLẸ̀

Ẹrù ni ooru tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ gbé kúrò. Àṣìṣe tó pọ̀ jù ni pé a ń dín ẹ̀rọ kù nítorí pé ọjà ti dín kù, láì ṣírò. Ìṣírò náà kò le. Kílò omi kan tó wọlé ní dígírì 28, tó fi di yìnyín tó tutù dé dígírì 5 sísàlẹ̀ òdo, yóò fi ooru tó tó nǹkan bíi kílójúùlù 460 sílẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, 334, ni ti dídì fúnra rẹ̀. Bí a bá sọ ọ́ di tọ́ọ̀nù, tọ́ọ̀nù yìnyín kan ń béèrè òtútù tó jẹ́ 128 kílówáàtì-wákàtí.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé iṣẹ́ tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù 1,600 lójúmọ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 25. Tọ́ọ̀nù 40 nìyẹn. Ẹ sọ ọ́ di 128 lọ́nà 40, ẹ pín in sí wákàtí 24, ẹ ó rí nǹkan bíi 213 kílówáàtì. Èmi máa ń fi ìdá kan nínú márùn-ún kún un fún ooru tó ń gba ara táǹkì omi iyọ̀ (omi tútù tí a ń ri agolo yìnyín sí) wọlé, fún ìdérí tí àwọn ọmọ ń ṣí tí wọn kì í tètè pa dé, àti fún ẹ̀rọ tó ń ru omi iyọ̀ pọ̀. Gbogbo rẹ̀ a wá jẹ́ 256.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé ni èyí: bí ọjà bá di ìdajì, 213 yẹn ló di ìdajì. Ìdá kan nínú márùn-ún yẹn kò yẹsẹ̀. Táǹkì kò mọ̀ pé Àlàájà ò tà. Nítorí náà 107 ni ẹ ó fi kún 43, ẹrù tó kù á jẹ́ 150, ìyẹn nǹkan bíi 59 nínú 100. Ẹni tó bá gé ẹ̀rọ sí 50 gééré, yìnyín rẹ̀ á máa ní ihò omi láàárín, á sì máa bú àwọn ọmọ iṣẹ́.

Lẹ́yìn ìṣírò, ẹ lọ wo géèjì ìfà, èyí tí a máa ń pè ní sọ́kíṣọ̀n. Òun ló ń sọ òótọ́ jù nínú yàrá ẹ̀rọ. Bí amóníà bá ń hó ní dígírì 15 sísàlẹ̀ òdo, géèjì á fi nǹkan bíi 20 psi (òṣùwọ̀n pírẹ́ṣọ̀) hàn. Bí ó bá jẹ́ dígírì 10 sísàlẹ̀ òdo, á fi 27 tàbí 28 hàn. Bí ẹ bá rí i pé ó ń rọra wálẹ̀ láti 20 sí 17, sí 15, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan nǹkan, ẹ̀rọ ń fa gáàsì ju èyí tí kóìlì, páìpù tí amóníà ti ń hó, ń tú jáde lọ. Ẹrù ti kéré sí i nìyẹn. Bí ó bá ń gòkè, ẹrù ló ń borí ẹ̀rọ, kì í sì í ṣe ìgbà náà ni kí ẹ máa dín nǹkan kù.

IRÚ Ẹ̀RỌ TÍ Ẹ NÍ

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ nídìí amóníà: oní-písítìn àti oní-sikirúù. Ọ̀nà tí àwọn méjèèjì ń gbà sọ ẹrù kalẹ̀ kò jọra rárá.

Nínú ọ̀pọ̀ oní-písítìn, pírẹ́ṣọ̀ ọ́ìlì ló ń jẹ́ kí sìlíńdà gbé ẹrù. Bí ọ́ìlì ò bá tíì dé ibẹ̀, sípíríǹgì á ti gbé àwo fáàfù ìfà sókè. Gáàsì kàn ń wọlé, ó ń jáde, ẹnikẹ́ni ò fún un. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ náà fi ń gbéra wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí sìlíńdà bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ lè ní ìpele 100, 75, 50 àti 25. Bí ó bá jẹ́ mẹ́fà, ó lè jẹ́ 100, 67 àti 33. Ohun tó dára nípa rẹ̀ ni pé ní ìpele ìdajì, iná tó ń jẹ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì lọ, àfi èyí tí ìfarakanra irin àti gáàsì tó ń lọ tó ń bọ̀ gbé mì.

Oní-sikirúù ní fáàfù kan tó ń yọ́ lọ yọ́ bọ̀ lábẹ́ sikirúù méjèèjì. Ọ́ìlì ló ń tì í. Ó lè dín ẹ̀rọ kù láti 100 títí dé nǹkan bíi 10 láì dúró ní ìpele kankan, ó sì máa ń dùn ún wò lójú. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni owó ń gbà jò. Bí pírẹ́ṣọ̀ apá kọ́ńdẹ́ńsà (ibi tí gáàsì ti ń tú ooru sílẹ̀ tó fi ń padà di olómi) kò bá yí padà, sikirúù tó ń ṣe ìdajì iṣẹ́ á máa jẹ nǹkan bíi 65 sí 70 nínú iná tó máa ń jẹ bó bá kún. Bí ẹ bá tún fà á wálẹ̀ sí 20, nǹkan bíi ìlọ́po méjì iná tó tọ́ sí iṣẹ́ tó ń ṣe, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ló ń gbé mì.

Ẹ padà síbi ọ̀rọ̀ Àlàájà. Sikirúù méjì la ní, mọ́tọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 45 kílówáàtì. Nígbà tí mo dín méjèèjì kù sí bíi 58, àpapọ̀ iná tí wọ́n ń jẹ ṣì wà ní àyíká 67. Bí ó bá ṣe pé ẹ̀rọ kan ló ń gbé ẹrù náà, 45 ni. Ìyàtọ̀ náà lé ní 20 kílówáàtì, ní wákàtí 24 ó sì lé ní yúníìtì 480. Ẹ fi iye tí wọ́n ń tà yúníìtì kan fún yín sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ tó sùn lálẹ́.

Ẹ̀rọ kẹta wà tí a lè so mọ́ èyíkéyìí nínú wọn, èyí tí àwọn oníná ń pè ní VFD, tó ń yí ìyára mọ́tọ̀ padà. Ó dára gan-an fún dídín kù, torí pé ẹ̀rọ tó yí díẹ̀ a máa fa gáàsì díẹ̀, a sì máa jẹ iná tó bá a mu. Ṣùgbọ́n ìyára tó kéré jù wà tí ìwé ẹ̀rọ kọ sílẹ̀. Ẹ má kọjá rẹ̀. Fáànù tó ń fẹ́ mọ́tọ̀ wà lórí ọ̀pá mọ́tọ̀ kan náà, bí mọ́tọ̀ bá ń fà, fáànù náà á máa fà, mọ́tọ̀ á gbóná. Bí ọ̀pá ẹ̀rọ ló bá sì ń yí páǹpù ọ́ìlì, ọ́ìlì á dín kù pẹ̀lú rẹ̀.

KÍ Ẹ TÓ FỌWỌ́ KAN NǸKAN

Ẹ wo ojú gíláàsì ọ́ìlì. Ẹ wo pírẹ́ṣọ̀ ọ́ìlì, ẹ fi wé ti ìwé ẹ̀rọ. Ẹ fi ẹ̀rọ ìwọ̀n ooru wo páìpù ìtì, kì í ṣe ọwọ́ yín. Amóníà a máa gbóná ju àwọn gáàsì ẹ̀rọ amúlétutù yòókù lọ bí a bá fún un: láti dígírì 15 sísàlẹ̀ òdo sí 30 lókè òdo, a lè bá a ní nǹkan bíi dígírì 99, níbi tí R-22 kò ti ní kọjá 53 tàbí bẹ́ẹ̀. Lórí oní-sikirúù, ọ́ìlì ń gbé ooru náà, nítorí náà ìtì rẹ̀ á tutù ju ti oní-písítìn lọ. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú aago. Bí nǹkan bá yí padà lẹ́yìn náà, ohun tí ẹ kọ ni ẹlẹ́rìí yín.

Ẹ tún wo bí amóníà ṣe pọ̀ tó nínú táǹkì ìfà, èyí tó ń ya olómi sọ́tọ̀ kí gáàsì tó wọ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Bí ó bá ti ga ju ààlà lọ, ẹ yanjú rẹ̀ ná. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ lè fún gáàsì. Kò lè fún omi. Bí amóníà olómi bá wọ sìlíńdà, ìró rẹ̀ á dà bíi pé ẹnìkan ń fi òòlù lu irin láti inú, èyí tó bá sì tẹ̀lé e á ná Àlàájà lówó tí kò ní í rẹ́rìn-ín sí.

OHUN TÍ Ẹ Ò GBỌDỌ̀ ṢE

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ kan. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ iṣẹ́ ní ilé yìnyín kan, a kì í wá ìpele kiri. Bí ẹrù bá kéré, ọ̀gá tó ń bójú tó òru á ní ká yí fáàfù ìfà pa díẹ̀, kí ẹ̀rọ "máa mí díẹ̀díẹ̀". Mo yí i pa títí ó fi ku bíi ìdá mẹ́rin. Géèjì já wálẹ̀, inú wa dùn. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọ̀dà ara páìpù ìtì ti ń rùn. Nígbà tí a ṣí orí ẹ̀rọ, ọ́ìlì ti dúdú bí ọ̀dà, àwo fáàfù méjì ti fọ́ sí wẹ́wẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé, bí ẹ bá dí ẹnu ìfà, gáàsì á di aláìnípọn, ẹ̀rọ á sì ní láti gbé e láti ìsàlẹ̀ kànga jíjìn dé òkè kan náà. Ooru á pọ̀ sí i, iṣẹ́ tó wúlò á dín kù. Iná tí ẹ rò pé ẹ dín kù kò dín tó bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni ọ̀nà àbùjá kejì: àwọn kan a máa ṣí fáàfù tí ń dá gáàsì gbígbóná láti ẹ̀gbẹ́ ìtì padà sí ẹ̀gbẹ́ ìfà, kí ẹ̀rọ má bàa pa ara rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ṣe ni ẹ ń pọn omi, tí ẹ ń dà á padà sínú odò. Ẹ fi sílẹ̀ fún àìrójú.

SÍSỌ ẸRÙ KALẸ̀, NÍ ÌPELE

Ẹ yan ẹ̀rọ kan tí yóò máa ṣe àtúnṣe, ìyẹn ni pé kó máa lọ sókè sódò bí ẹrù bá ṣe ń yí padà. Ìyókù, kí wọ́n kún tàbí kí wọ́n kú. Mi ò ní ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jùyí lọ nínú gbogbo ohun tí mo ń kọ. Bí ẹ bá ní oní-písítìn kan àti oní-sikirúù kan, ẹ jẹ́ kí sikirúù gbé ìdí ẹrù ní 100, kí písítìn máa lọ sókè sódò. Bí èyíkéyìí bá ní VFD, òun ni kí ẹ fi ṣe alátùn-únṣe.

Lórí oní-písítìn, ẹ sọ ìpele kan, kí ẹ sì dúró. Ẹ má sọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fetí sí i: ìró á yí padà, á fúyẹ́. Ẹ wo ámítà, géèjì tó ń ka iná tí mọ́tọ̀ ń fà, abẹ́rẹ́ á wálẹ̀. Bí ìró bá yí padà tí ámítà ò mira, sìlíńdà yẹn kò tíì sọ ẹrù, pẹ́ẹ̀kí tó ń gbé àwo fáàfù rẹ̀ sókè lè ti há tàbí kí ọ́ìlì máa dí sójú ihò. Bí yóò bá gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí géèjì tó dúró, ẹ lo mẹ́wàá yẹn. Géèjì ìfà á gòkè díẹ̀, á sì dúró síbì kan. Bí ó bá dúró síbi tí ẹ fẹ́, iṣẹ́ parí. Bí ó bá tún ń wálẹ̀, ẹ sọ ìpele míì.

Ìpele tó kéré jù kì í ṣe ibi tí a ń sùn sí. Gáàsì tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú sìlíńdà tí kò gbé ẹrù á máa gbóná, gáàsì tútù tó ń wọlé sì kéré, kò lè tù ú. Ẹ wo bí ìwé ẹ̀rọ ṣe gbà kó pẹ́ tó. Bí páìpù ìtì bá ń gbóná sí i níbẹ̀, ẹ̀rọ ń sọ fún yín pé kí ẹ pa òun.

Lórí sikirúù, ẹ rọra yọ́ fáàfù náà. Ẹ má fi ọkàn tán nọ́ńbà tó wà lójú bọ́ọ̀dù pátápátá: ibi tí fáàfù wà ló ń sọ, kì í ṣe iye òtútù tó ń jáde, àwọn méjèèjì kì í sì í bára wọn mu ní gbogbo ìgbà. Ámítà àti géèjì ìfà ni kí ẹ gbà gbọ́. Bí ẹ bá rí i pé ó ti wà ní ìsàlẹ̀ 50 fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójoojúmọ́, ẹ jókòó kí ẹ tún èrò ṣe, torí pé èyí tó kàn ni ìdáhùn rẹ̀.

ẸRÙ TÓ JU Ẹ̀RỌ KAN LỌ DÍẸ̀

Ẹ rántí pé 150 ni ẹrù wa, ẹ̀rọ kan sì lè gbé 128, ìdajì 256. Ó ku díẹ̀. Ọ̀pọ̀ á ní, "Ẹ wò ó, ẹ̀rọ kan ò gbé e, ẹ jẹ́ kí méjèèjì máa lọ." Ibí yìí gan-an ni mo ti kọ́gbọ́n.

Nígbà tí ọjà bá kún, a máa ń mú omi iyọ̀ dé dígírì 10 sísàlẹ̀ òdo kí búlọ́ọ̀kù lè tètè dì. Ṣùgbọ́n tí ọjà bá di ìdajì, kí ni à ń sáré lọ ṣe? Bí omi iyọ̀ bá wà ní 7 sísàlẹ̀ òdo, búlọ́ọ̀kù á pẹ́ díẹ̀ kó tó dì, bíi wákàtí 14 níbi tí ó ti ń lo 10. Agolo pọ̀ ju oníbàárà lọ, kò sí wàhálà. Nígbà náà ẹ lè gbé amóníà láti dígírì 15 sísàlẹ̀ òdo wá sí 12, ìyẹn láti 20 psi sí nǹkan bíi 24 lójú géèjì ìfà.

Ẹ wo ohun tí psi mẹ́rin yẹn ṣe. Gáàsì tó ń wọlé ti nípọn sí i, nítorí náà ẹ̀rọ kan náà, ní ìyára kan náà, á máa fa nǹkan bíi 14 nínú 100 lé sí i. 128 di bíi 146. Omi iyọ̀ tí kò tutù tó ti tẹ́lẹ̀ á sì jẹ́ kí ooru tó ń gba ara táǹkì wọlé dín kù pẹ̀lú, nítorí náà 150 fúnra rẹ̀ á rẹlẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀rọ kan ti gbé e. Ní àfikún, fún dígírì kan tí ẹ bá gbé ìfà sókè, iná tí ẹ ń jẹ lórí òtútù kan náà á dín ní nǹkan bíi 2 sí 3 nínú 100.

Bí a ṣe pa ẹ̀rọ kejì fún Àlàájà nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ mi ò sùn dáadáa, mò ń fi tọ́ọ̀ṣì wo àárín búlọ́ọ̀kù bóyá ihò omi wà níbẹ̀. Kò sí.

Ìkìlọ̀ kan: bí ẹ bá ní yàrá ẹja dídì lórí ìfà kan náà, ẹ ò lè ṣe èyí. Ẹja tó gbọ́dọ̀ wà ní 18 sísàlẹ̀ òdo kò mọ̀ pé ọjà yìnyín ti tutù. Ẹ ya ìfà wọn sọ́tọ̀, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ẹja ló pinnu.

PÍPA Ẹ̀RỌ KEJÌ

Ẹ sọ ẹrù rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ná, ẹ wá pa mọ́tọ̀, ẹ pa fáàfù rẹ̀ bí ìwé ẹ̀rọ ṣe tò ó. Ẹ jẹ́ kí hítà inú àpótí ọ́ìlì wà ní títàn. Amóníà a máa rá wọ inú ẹ̀rọ tó tutù, á sì sinmi sínú ọ́ìlì. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún tan án, ọ́ìlì á ru bí ọṣẹ, páǹpù á máa fa fóòmù. Ẹ sì máa pààrọ̀ ẹ̀rọ méjèèjì, ọ̀sẹ̀ kan sí ọ̀kan, kí ìdí ọ̀pá má gbẹ kó wá máa jò.

Ẹrù tó kéré a tún máa kó ọ́ìlì pamọ́ sí ìsàlẹ̀ kóìlì. Ọ́ìlì wúwo ju amóníà olómi lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ló ń sùn sí. Ẹ máa fà á ní fáàfù tí sípíríǹgì ń dá padà fúnra rẹ̀, kí ọwọ́ yín má kúrò níbẹ̀. Mo mọ ẹni tó fi ìkòkò sábẹ́ fáàfù lásán, tó ní òun fẹ́ lọ dá foonu lóhùn. Amóníà tẹ̀lé ọ́ìlì jáde, kò sì dúró dè é.

Ẹ̀RỌ TÓ KÙ ÀTI IBI TÍ OORU Ń JÁDE SÍ

Bí ẹrù bá kéré, kọ́ńdẹ́ńsà yín ti tóbi ju ohun tó nílò lọ. Ẹ lo àǹfààní yẹn. Ní dígírì 40, pírẹ́ṣọ̀ ìtì á wà ní àyíká 211 psi. Ní 35, bíi 181. Ní 30, bíi 155. Bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ kalẹ̀ ni iṣẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ń rọrùn. Ọyẹ́ ni ọ̀rẹ́ wa jù níhìn-ín, torí pé afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbẹ, omi tó ń sàn lórí kọ́ńdẹ́ńsà á máa gbẹ kíákíá, á sì tutù. Ní òru ọyẹ́ Òṣogbo, mo ti rí géèjì tó wálẹ̀ débi tí mo fi rò pé ó ti bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n ó ní ìsàlẹ̀. Pírẹ́ṣọ̀ ìtì ló ń ti amóníà olómi lọ sí fáàfù ìfẹ̀, òun ló sì ń ti ọ́ìlì káàkiri nínú sikirúù tí kò ní páǹpù ọ́ìlì. Bí ó bá rẹlẹ̀ jù, ebi amóníà á pa kóìlì, ọ́ìlì á fà sẹ́yìn. Ẹ dúró lórí iye tí ìwé ẹ̀rọ fàyè gbà.

Nípa fáànù kọ́ńdẹ́ńsà: tí ẹ bá ní méjì tí ìyára wọn ṣeé yí padà, ẹ má pa ọ̀kan. Ẹ dín méjèèjì kù. Fáànù tó ń yí ní ìdajì ìyára ń jẹ nǹkan bíi ìdá kan nínú mẹ́jọ iná rẹ̀, nítorí náà méjì ní ìdajì ń jẹ ìdá mẹ́rin ohun tí ẹyọ kan tó kún ń jẹ. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ò ní irú oore yìí, ẹ má fi wé e.

NẸ́PÀ ÀTI JẸNẸRÉTỌ̀

Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé Òṣogbo níbí ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà, síbẹ̀ a ṣì ń gbọ́ "Up Nẹ́pà!" ní àdúgbò wa bíi ti gbogbo èèyàn. Bí iná bá lọ tó sì padà láàárín ìṣẹ́jú méjì, ẹ má jẹ́ kí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ gbéra lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi aago ìdádúró sí i. Mọ́tọ̀ tó ń gbéra ń fa iná ní ìlọ́po mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí a bá so ó tààrà, ooru rẹ̀ á sì kóra jọ bó bá gbéra léraléra. Ìwé mọ́tọ̀ ń sọ iye ìgbà tó lè gbéra ní wákàtí kan. Èmi kì í jẹ́ kí ti tèmi kọjá ẹ̀ẹ̀mejì. Bí ẹ̀rọ kan bá ń kú tó ń jí léraléra nítorí ẹrù kékeré, ẹ fẹ ìyàtọ̀ tó wà láàárín pírẹ́ṣọ̀ tó ń tan án àti èyí tó ń pa á.

Jẹnẹrétọ̀ náà ní tirẹ̀. Ẹni tó ra 250 kVA nígbà tí ẹ̀rọ méjì ń lọ, tó wá fi ẹ̀rọ 45 kílówáàtì kan àti páǹpù mélòó kan lé e lórí, ń lò ó ní nǹkan bíi ìdá mẹ́rin agbára rẹ̀. Dísẹ́ẹ̀lì tí kò jó tán á máa kóra jọ sí páìpù èéfín, ẹ ó rí ọ̀rá dúdú tó ń kán níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ ní ìsàlẹ̀ 30 nínú 100 fún ìgbà pípẹ́. Bí agbára bá wà, ẹ ra kékeré kan fún àsìkò òjò. Bí kò bá sí, ẹ fi wákàtí jẹnẹrétọ̀ dì búlọ́ọ̀kù pẹ̀lú ẹ̀rọ méjèèjì kí ó kún, kí omi iyọ̀ tutù, kí ẹ wá pa gbogbo rẹ̀. Omi iyọ̀ tútù ni bátìrì yín.

ÒÓRÙN

Imú a máa gbọ́ amóníà kí ó tó pọ̀ débi tó lè pani lára, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àjọ NIOSH ti Amẹ́ríkà fi ìdá 25 nínú mílíọ̀nù kan ṣe ààlà fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ lójúmọ́, wọ́n sì ka 300 sí èyí tó lè gba ẹ̀mí lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá yí fáàfù tí ojú yín ń ta, ẹ jáde, kí ẹ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, ẹ má ṣe bá a sáré sí ibi tó ń fẹ́ lọ. Gáàsì rẹ̀ fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá ń tú jáde bí kùrukùru funfun, ilẹ̀ ló máa ń rá lọ ná. Omi tí a fọ́n bí òjò á mu gáàsì. Ṣùgbọ́n ẹ má da omi sórí amóníà olómi tó wà nílẹ̀, ṣe ni yóò hó sókè wùù.

Ẹ má fi idẹ tàbí bàbà tún nǹkan ṣe nínú ọ̀nà amóníà, ó ń jẹ wọ́n. Ẹ má wọ yàrá ẹ̀rọ nìkan lóru láti yí ìpele. Kí ẹnìkan dúró sẹ́nu ọ̀nà.

DÍDÁ ẸRÙ PADÀ

Bí ààwẹ̀ Ràmàdáánì bá kù bí ọ̀sẹ̀ kan, tàbí tí àjọ̀dún Ọ̀ṣun bá ń bọ̀ ní oṣù August tí àlejò ń kún ìlú, ọjà á jí lójijì, ọwọ́ á sì máa yún ọmọ iṣẹ́ láti gbé ẹ̀rọ lọ sí 100 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bí ìfà bá já wálẹ̀ lójijì, amóníà tó wà nínú táǹkì á ru bí ògì tí iná rẹ̀ pọ̀ jù, olómi á sì bá gáàsì lọ sínú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Ẹ tan ẹ̀rọ kejì ní ìpele tó kéré jù, ẹ jẹ́ kí ọ́ìlì rẹ̀ gbóná, ẹ máa gbé e sókè ní ìpele kọ̀ọ̀kan, kí ojú táǹkì ìfà wà lójú yín. Mo máa ń lo nǹkan bíi ogójì ìṣẹ́jú sí wákàtí kan. Omi iyọ̀, ẹ gbé e láti 7 padà sí 10 sísàlẹ̀ òdo láàárín ọjọ́ kan, kì í ṣe láàárín wákàtí kan.

Kí ẹ tó fi iṣẹ́ lé ẹni òru lọ́wọ́, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: ẹ̀rọ tó ń ṣe àtúnṣe lónìí, ìpele tó wà, psi ìfà, psi ìtì, ooru páìpù ìtì, ojú ọ́ìlì, iye búlọ́ọ̀kù tó ṣì wà nínú táǹkì, àti aago tí ẹ yí nǹkan kẹ́yìn.